Abọ́ Súìtì Dókítà Ẹ̀jẹ̀

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin àbúrò mi, àti ẹ̀yin tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ. Ẹ wọlé. Ẹ fún ara yín láyè lórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tí ọmọ ń sunkún lọ́wọ́ rẹ̀, kó fún un lọ́mú, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí kò fẹ́ ariwo. Orin wà nínú rẹ̀, ẹ̀rín náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú ló pọ̀ jù. Ìwọ̀nba eyín tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu yìí ni mo fi ń payín keke bí mo bá rántí.

Bàbá Télọ̀ ló ṣubú.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. Èmi ń ta òwú àti síìpù, òun ń rán aṣọ, títì tóóró kan ló là wá láàárín. Láràárọ̀ ni mo máa ń dá orin sí i láti òdìkejì:

*Abẹ́rẹ́ wọlé, òwú tẹ̀ lé e,*
*Aránṣọ mi, ṣé o ti jí?*

Máṣíìnì rẹ̀ á sì gbè é fún mi: taka-taka-taka. Lọ́jọ́ náà, mo dá orin, n kò gbọ́ ègbè. Mo tún un dá. Kẹ́kẹ́ pa. Nígbà tí mo máa wo ọ̀kánkán, ọ̀rẹ́ mi ti dorí kodò sórí aṣọ ìyàwó funfun tó ń rán lọ́wọ́. Òógùn bò ó bí ẹni tí òjò pa. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ẹnikẹ́ni.

Mo lọgun. Àwọn ọkùnrin tó ń tún ọkọ̀ ṣe nítòsí sáré dé, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn. Kí eruku ọkọ̀ náà tó rọlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti na ìka sí ìyàwó rẹ̀.

"Òun ni! Òun ló fún un ní májèlé jẹ! Tíì kan báyìí tó korò ló máa ń gbé fún un. Ó gbé e wá láàárọ̀ yìí, àbúrò mi mu ún, àbúrò mi ṣubú!"

Mo mọ ìyàwó náà. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni. Òun ló ń bá ọkọ rẹ̀ ká etí aṣọ, òun ló ń lọ̀ ọ́. Èmi tí mo ń rí wọn lójoojúmọ́, n kò gbọ́ kí wọ́n pariwo mọ́ra wọn rí, àfi bí ẹnì kan bá sọ sísọ́ọ̀sì nù. Ṣùgbọ́n kí ni ẹlẹ́rìí bí èmi já mọ́? Àwọn èèyàn ti pé jọ. "Ìyàwó ayé ìsinsìnyí," ni ẹnì kan wí. "Ojú rẹ̀ gan-an ò mọ́," ni èkejì wí. Ẹ̀yin ará, àárọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n bá a ṣeré! Kọ́ńsítébù kan sì ti dé, ó ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ṣeré lọ́wọ́ bí ẹni tí ọwọ́ ń yún.

Ìgbà náà ni obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ara ilé, ó nu ojú rẹ̀, ó sì wọlé. Obìnrin kúkúrú, aṣọ rẹ̀ mọ́, bàtà rẹ̀ ò dán. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè é ni Kò-Tíì-Yé-Mi, nítorí ohun tó máa ń wí nìyẹn nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti yé gbogbo èèyàn tán.

"Ọ̀gá," ni kọ́ńsítébù wí, "ọ̀rọ̀ yìí ti yanjú. Ṣé kí n dè é?"

"Bóo bá ń wá nǹkan tóo máa dè, okùn bàtà ẹ ti tú."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi gbá itan mi. Ó yíjú sí mi. "Màmá, ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni aládùúgbò. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i."

"Ẹ má lọ síbì kankan, mo máa nílò yín."

Ẹ wo bí inú mi ṣe dùn! Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti nílò mi fún ohun tó ju òwú lọ.

Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó wo máṣíìnì. Ó wo tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, tí eruku ṣọ́ọ̀kì bò. Ó wo pẹpẹ tó wà lókè, níbi tí Bàbá Télọ̀ to agolo rẹ̀ sí bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Gbogbo agolo náà ló ní àpẹẹrẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ lórí ìdérí: bọ́tìnì dúdú lórí ti bọ́tìnì dúdú, ìkọ́ lórí ti ìkọ́, ìlẹ̀kẹ̀ lórí ti ìlẹ̀kẹ̀. Gọ́ọ̀mù ló fi lẹ̀ wọ́n, kó má bàa di pé ó ń ṣí agolo kiri. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá tẹ̀ wo kọ́ọ̀bù tíì.

"Ìyá," ló bi ẹ̀gbọ́n, "ẹ rí i tó mu tíì yìí?"

"Mo rí i kòrókòró!"

"Ẹ rí i tó gbé kọ́ọ̀bù sẹ́nu?"

"Mo rí i tí ìyàwó gbé e wọlé."

"Gbígbé wọlé nìyẹn. Mímu ni mo bi yín."

Kò-Tíì-Yé-Mi pè wá sí kọ́ọ̀bù náà. Ó kún dé ẹnu. Mílíìkì orí rẹ̀ ti tutù, ó ti di awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, awọ náà sì bo ojú tíì láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Kò ya níbì kankan.

"Ẹni tó bá mu tíì yìí, àfi kó jẹ́ pé imú ló fi fà á láìfọwọ́ kàn án," ló wí. "Kò mu ún. Oúnjẹ yìí ńkọ́?"

Àwo kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù, wọ́n dé e. Búrẹ́dì àti ẹyin díndín ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó bù ú.

Ìyàwó ló dáhùn. "Ọkọ mi kì í jẹun bó bá ń rán aṣọ funfun, mà. Kì í fọwọ́ kan òróró, kì í mu nǹkan tó ní àwọ̀, títí tí aṣọ náà á fi kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù àbàwọ́n ń bà á. Mo kàn máa ń gbé e sílẹ̀ kó bá a nítòsí ni."

"Tíì náà ńkọ́, kí ló dé tó fi máa ń korò?"

"N kì í fi ṣúgà sí i. Àtọ̀gbẹ ń ṣe é. Ilé ìwòsàn ló ní kó jìnnà sí ṣúgà."

"Àtọ̀gbẹ wo?" ni ẹ̀gbọ́n fò dìde. "Àtọ̀gbẹ ti lọ! Dókítà Ẹ̀jẹ̀ ti fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, èmi gan-an ni mo mú un lọ!"

Kò-Tíì-Yé-Mi rọra gbójú sókè. "Dókítà Ẹ̀jẹ̀. Kò tíì yé mi. Ta nìyẹn?"

Èmi ni mo ṣàlàyé. Ọkùnrin kan báyìí ni, ẹ̀wù funfun ló máa ń wọ̀, inú ilé gíláàsì tó wà ní kọ́nà títì ló wà. Kápúsù kan ló ń tà, ìdajì pupa, ìdajì funfun. Apapẹtà lorúkọ rẹ̀. Ó ní antiọ́síídáǹtì ni, ó ní ẹ̀jẹ̀ èèyàn máa ń dípẹtà bí irin, oògùn yìí ló sì ń bó ìpẹtà náà kúrò. Bí alátọ̀gbẹ bá lò ó, tó lọ yẹ ṣúgà ara rẹ̀ wò, ṣúgà á ti lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Nítorí náà ni ogunlọ́gọ̀ èèyàn fi ń tò síwájú ilé rẹ̀.

"Lóòótọ́ ló ń lọ sílẹ̀?"

"Lóòótọ́ ni, ọmọ mi."

Ó mi orí. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn."

Dókítà tó gbà wá níbẹ̀ jẹ́ obìnrin tí oorun ti ń wá kiri tí kò rí i. Kò fa ọ̀rọ̀ gùn.

"Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. A fa omi ṣúgà sí i lára, ó lajú. Kò pẹ́, ó tún lọ sílẹ̀. A tún fà á, ó tún lọ. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Oògùn àtọ̀gbẹ ni mo fura sí, èyí tó lágbára. Oríṣiríṣi ló wà. Bí mo bá mọ èyí tó jẹ́, màá mọ ohun tí mo lè fi dá a dúró."

"Ẹ lè dúró títí dìgbà wo?"

"Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kílẹ̀ tó ṣú. Ọpọlọ ò lè máa fara da irú èyí."

Ìyàwó bú sẹ́kún. Ẹ̀gbọ́n, kàkà kó bá a sunkún, ariwo ló tún bẹ̀rẹ̀. "Ẹ gbọ́ bí? Oògùn àtọ̀gbẹ! Ta ló ń bá a tọ́jú oògùn ilé ìwòsàn? Òun náà ni! Ó lọ̀ ọ́ fún un ni!"

Ẹ̀rù bà mí nígbà yẹn, n kò ní purọ́. Kọ́ńsítébù tún gbọn ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàwó tọwọ́ bọ inú báàgì, ó mú àpò ìwé kékeré kan jáde, ó gbé e fún ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ẹnu àpò náà ṣì wà bí wọ́n ṣe dì í nílé ìwòsàn, wọ́n fi lẹ́bẹ́ẹ̀lì lẹ̀ ẹ́, lẹ́bẹ́ẹ̀lì náà ò ya.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ẹ wò ó," ló wí, omijé ń bọ́. "Ó ti pa á tì. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní Apapẹtà ti tó."

Kò-Tíì-Yé-Mi yí àpò náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ó kọjú sí dókítà. "Antiọ́síídáǹtì yìí, ṣé ó lè ré ṣúgà lulẹ̀ báyìí láàárọ̀ kan?"

Dókítà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ráàyè. "Antiọ́síídáǹtì wà nínú ẹ̀fọ́ tí ẹ ń jẹ, nínú èso, nínú ẹ̀wà. Ó dáa lára. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n dì sínú kápúsù, kò sẹ́ni tó tíì fi hàn wá pé ó ń wo àtọ̀gbẹ. Ká má tilẹ̀ sọ pé kó gbé èèyàn ṣubú bí igi."

A jáde. Lábẹ́ igi kan lọ́gbà ilé ìwòsàn, ó jókòó tì mí. "Màmá, ẹ bá mi rò ó. Tíì, kò mu ún. Oúnjẹ, kò jẹ ẹ́. Oògùn ilé ìwòsàn, kò ṣí i. Síbẹ̀, oògùn àtọ̀gbẹ wà lára rẹ̀. Ibo ló gbà wọlé?"

"Ẹnu náà ni."

"Ẹnu náà ni. Kí ló gbé sẹ́nu láàárọ̀ yìí?"

Mo wò ó, ó wò mí. "Apapẹtà ni," mo wí.

A padà sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ìyàwó tọ́ka sí etí tábìlì ìgéṣọ. "Ibẹ̀ ni igò Apapẹtà máa ń wà, mà. Ibẹ̀ ló wà láàárọ̀."

Igò kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín eruku ṣọ́ọ̀kì, àyè roboto kan mọ́ kedere, ó tó ìdí igò gẹ́lẹ́.

"Ta ló wọ ibí lẹ́yìn tí wọ́n gbé e lọ?"

Ẹ̀gbọ́n dáhùn tayọ̀tayọ̀. "Dókítà Ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ni! Bó ṣe gbọ́ ló sáré dé, kí ọlọ́pàá tó dé, nígbà tí màmá yìí lọ ti ṣọ́ọ̀bù wọn. Ó bá wa ṣàdúrà, ó bá wa palẹ̀ mọ́. Òun náà sọ fún mi pé mo jàre, ká yẹ tíì yẹn wò dáadáa."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ bí? Ọ̀rẹ́ mi wà nílẹ̀, ó ń kú lọ, ẹni tó gbé e lulẹ̀ ń ṣàdúrà fún un, ó sì ń fi ìka júwe ìyàwó onílé! Àfi orin ló bọ́ sí mi lẹ́nu:

*Ó ní ẹ̀jẹ̀ wa ti dípẹtà o,*
*Ó ní òun lòun ó bá wa fọ̀ ọ́.*
*Ọwọ́ tó fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀,*
*Ta ni yóò bá wa fọ ọwọ́ rẹ̀?*

"Màmá," ni Kò-Tíì-Yé-Mi wí, "ṣé ẹ lè ṣe bí aláìsàn?"

"Ọmọ mi, mo lè ṣe bí òkú."

Inú ilé gíláàsì náà tutù bí inú fíríìjì. Ìṣó méjì ló wà lára pátákó kan lórí ògiri, ọ̀kan ń dán, èkejì ti dípẹtà. Lórí káńtà, abọ́ gíláàsì ńlá kan kún fún súìtì aláràbarà, ẹni tó bá wọlé ló máa kọ́kọ́ rí i.

"Ìyá mi àtàtà!" ni Dókítà Ẹ̀jẹ̀ wí. Ọkùnrin tó rẹwà ni, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ẹ jókòó. Kí ló ń yọ yín lẹ́nu?"

"Àtọ̀gbẹ ni," mo purọ́, mo sì gbádùn irọ́ náà.

Kò-Tíì-Yé-Mi di apá mi mú. "Ìyá mi kì í gbọ́ràn, dókítà. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹ wo ìṣó yìí, ìyá mi. Atẹ́gùn tí à ń mí ló sọ ọ́ dà báyìí. Atẹ́gùn yẹn náà ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ̀jẹ̀ yín ti dípẹtà!"

"Yéè! Èmi tí mò ń wẹ̀ láràárọ̀ lálẹ́?"

"Ọṣẹ ò dé ibẹ̀. Antiọ́síídáǹtì ló ń dé ibẹ̀. Èmi náà ń lò ó, ebi pa mí o, mo yó o. Ẹ kàn lè rí i pé ara yín á máa gbọ̀n díẹ̀, òógùn á bò yín. Ẹ má fòyà, ìpẹtà ló ń jáde yẹn. Ẹ sáà fi súìtì kan sẹ́nu, ara á balẹ̀." Ó ti abọ́ náà sọ́dọ̀ mi.

Mo mú ọ̀kan. Mo mú èkejì pa mọ́.

"Kò tíì yé mi," ni obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi wí. "Súìtì? Fún alátọ̀gbẹ?"

Ẹ̀rín ọkùnrin náà dúró díẹ̀, ó sì tún padà. "Súìtì tèmi yàtọ̀."

Kò-Tíì-Yé-Mi wá mú káàdì ọlọ́pàá rẹ̀ jáde, ó gbé e sórí káńtà. Ọkùnrin náà wò ó, kò mikàn. Ó jọ pé ó ti ń retí rẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó pe àwọn tó wà níta, ó fa igò Apapẹtà kan yọ lórí pẹpẹ, ó ṣí i, ó gbé méjì mì lójú gbogbo wa. Kò mu omi. Kò mú súìtì.

"Ẹ wò ó! Ṣé mo ṣubú? Ṣé mo gbọ̀n? Obìnrin kan po májèlé fún ọkọ rẹ̀, wọ́n fẹ́ fi bà mí lórúkọ jẹ́! Ẹ lọ mú ẹni tó po tíì!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un! Èmi mọ ohùn àwọn kan nínú wọn. N kò ní dárúkọ wọn, wọ́n wà lórí bẹ́ǹṣì yìí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, oòrùn sì ti ń yẹ̀ lọ.

Kò-Tíì-Yé-Mi kò bínú. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, dókítà. Ìbéèrè kan ló kù, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ló wà. Ẹ ká lọ."

Ó tẹ̀ lé wa bí ọba, ogunlọ́gọ̀ náà tẹ̀ lé e. Ìyàwó àti ẹ̀gbọ́n wà nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn. Kọ́ńsítébù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wá so okùn bàtà rẹ̀.

"Igò tó wà níbí láàárọ̀, ẹ̀yin lẹ mú un?"

"Igò tó ti ṣófo? Mo gbé e sọnù. Mo ń bá wọn palẹ̀ mọ́ ni. Ẹ túlé bó bá wù yín, ẹ ò ní rí hóró oògùn mi kan níbí."

"Ìyàwó," ni Kò-Tíì-Yé-Mi wí, "ṣé òótọ́ ni pé igò náà ṣófo?"

"Ó máa ń ṣófo, mà. Ọkọ mi kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ohun tí wọ́n bá fi tà á fún un. Bó bá ti rà á dé ló ti ń dà á sínú nǹkan mìíràn. Igò yẹn, abẹ́rẹ́ tó ti kán ló ń jù sínú rẹ̀."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Ó fa àpótí kan, ó gun orí rẹ̀, nítorí ó kúrú. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé ìlà àwọn agolo lókè: bọ́tìnì dúdú, bọ́tìnì funfun, bọ́tìnì pupa, ìkọ́, ìlẹ̀kẹ̀. Láàárín bọ́tìnì funfun àti bọ́tìnì pupa, ìka rẹ̀ dúró. Ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdérí agolo yẹn gùn ju bọ́tìnì lọ. Ìdajì rẹ̀ pupa, ìdajì rẹ̀ funfun.

Kápúsù ni! Bàbá Télọ̀ ti lẹ àpẹẹrẹ oògùn rẹ̀ mọ́ ìdérí bó ṣe ń lẹ bọ́tìnì! Àárọ̀ ni mo ti ń wo pẹpẹ yẹn, gbogbo wa ń wò ó, kò sí ẹni tó rí i àfi òun.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí agolo náà. Ó kún. Ó da méjì sí àtẹ́lẹwọ́, ó na ọwọ́ sí Dókítà Ẹ̀jẹ̀.

"Tiyín ni?"

"Ó... ó jọ tèmi."

"Méjì lẹ gbé mì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ bá wa fi méjì yìí kún un. Gbogbo wa á jókòó tì yín níbí títí di alẹ́. Ẹ ò ní mú súìtì."

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ imú ọkùnrin náà, kò sì tíì fọwọ́ kan oògùn.

"Ẹ gbé e mì, dókítà," ni ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Ìpẹtà ló máa jáde!"

Ó wo kápúsù. Ó wo ilẹ̀kùn. Kọ́ńsítébù kún ẹnu ọ̀nà bámú. Ohun tó wá ti ẹnu rẹ̀ jáde, wúyẹ́wúyẹ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa ló gbọ́ ọ.

"Mi ò tíì jẹun."

Kò-Tíì-Yé-Mi pa ọwọ́ dé. "Télọ̀ náà kò tíì jẹun," ló wí. "Ó ti wá yé mi báyìí."

Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jẹ́ kí n fi ohùn mi sọ ohun tó ṣàlàyé fún wa. Èyí tó wà lórí pẹpẹ ilé gíláàsì, ìyẹ̀fun ewé lásán ni, ti àfihàn ni. Èyí tó ń tà fún àwọn alátọ̀gbẹ, ó ti lọ oògùn ilé ìwòsàn mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí ṣúgà fi ń lọ sílẹ̀ tí wọ́n fi ń yìn ín. Ó mọ̀ pé ó lè gbé ẹni tí ebi ń pa lulẹ̀. Ìdí abọ́ súìtì nìyẹn! Ó rí i tí àwọn ìyá àti bàbá ẹni ń gbọ̀n, tí wọ́n ń làágùn, ó ní ìpẹtà ló ń jáde. Ṣé ẹ rí èèyàn? Ṣé ẹ rí ọkàn dúdú nínú ẹ̀wù funfun?

"Oògùn wo lẹ lọ̀ mọ́ ọn?" Ohùn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ti yí padà. "Ẹ dárúkọ rẹ̀ kíá! Bí ọkùnrin yẹn bá kú, ẹjọ́ yín á yàtọ̀."

Ó dárúkọ rẹ̀. Kò-Tíì-Yé-Mi pe dókítà lórí fóònù, ó pe orúkọ oògùn náà fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. A gbọ́ ohùn dókítà láti inú fóònù: "Ẹ ṣeun! Mo mọ ohun tí mo máa ṣe!" Kọ́ńsítébù wá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ rẹ̀ sí ọwọ́ tó yẹ ẹ́.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àgékù aṣọ. "Èmi ni mo mú un lọ síbẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo ní kó máa lo méjì láàárọ̀ dípò ọ̀kan. Mo ní kó tètè yá." Ìyàwó tó ti ń pè ní apànìyàn láti àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ló fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún lójú.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ẹ fẹ́ kó yá ni. Èmi náà fẹ́ kó yá. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Kílẹ̀ tó ṣú, ṣúgà rẹ̀ dúró, kò lọ sílẹ̀ mọ́. Ó lajú, ó mọ ìyàwó rẹ̀, ó sì béèrè pé ṣé àbàwọ́n ò kan aṣọ funfun náà. Ẹ ò rí i pé télọ̀ ni! Àwọn tó ń lo Apapẹtà sì tò lọ sílé ìwòsàn láti lọ yẹ ara wọn wò, àwọn tó pàtẹ́wọ́ náà wà lórí ìlà, wọ́n ń wolẹ̀.

Lọ́jọ́ tó padà sídìí máṣíìnì, ẹ̀gbọ́n ló se oúnjẹ: ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tó tutù yọ̀yọ̀, èso tí wọ́n gé sínú abọ́ gíláàsì ńlá kan. Bẹ́ẹ̀ ni, mo bi Kò-Tíì-Yé-Mi bóyá abọ́ yẹn náà ni, ó ní kò tíì yé òun. Ìyàwó ni ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, kó tó bu fún àbúrò rẹ̀, ojú gbogbo wa ló sì ti ṣe é. Bàbá Télọ̀ ká aṣọ funfun tó wà lórí máṣíìnì kúrò, kò tíì rán an tán o, ó fọ ọwọ́, ó jẹun.

Lẹ́yìn náà ni mo dá orin mi láti òdìkejì títì. Máṣíìnì gbè é: taka-taka-taka. A jẹun yó, a rẹ́rìn-ín yó, kálukú wá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ, ikùn wa tutù, ọkàn wa balẹ̀. Ẹ̀yin náà, ìkòkò wà lórí iná lẹ́yìn yẹn, ó ti jinná. Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ebi lọ sílé.